Ẹ̀gún Ẹ̀yìn Karaba

Ààlọ́ tí a ń pa fún ọmọdé kì í ṣe eré lásán; ìdájọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọdé pé a pa ìkà ní ìgbẹ̀yìn ìtàn ti kọ́ ọmọ náà ní ohun tí ó yẹ kí a fi ìkà ṣe, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sì sọ pé a wo ìkà sàn, ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá mú ìtàn àtijọ́ kan, tí ó pa ìparí rẹ̀ dà, tí ó sì fi í ṣe sinimá tí àwọn ọmọ gbogbo àgbáyé ń wò, kò yẹ kí a kàn pàtẹ́wọ́ kí a sì máa lọ sílé. Ó yẹ kí a bi í pé: kí ni o yọ kúrò, kí ni o fi kún un, nítorí kí ni? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé-ìwé girama jọ bi ara wa nípa sinimá kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín lè ti wò rí, tí ẹ pè é ní kátúùnù, tí ẹ sì ti gbàgbé.

Ìtàn náà kì í ṣe ti Yorùbá, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà, François-Victor Équilbecq, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ náà jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde láàrin 1913 àti 1916. Ọ̀nà irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọmọ tí ó bí ara rẹ̀ gbà dé ọwọ́ Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní 1943, tí ó gbé apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Conakry ní ilẹ̀ Guinea. Bí ìtàn àtijọ́ náà ti lọ nìyí: obìnrin kan lóyún, ọmọ inú rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ láti inú oyún pé kí ìyá òun bí òun. Ìyá dá a lóhùn pé ọmọ tí ó lè sọ̀rọ̀ láti inú oyún, ó tó láti bí ara rẹ̀. Ọmọ náà sì bí ara rẹ̀. Àjẹ́ kan wà tí ó ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Agbára ibi tí ó ní, a bí i mọ́ ọn ni, kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ó ti rí i. Ọmọ náà bá a jà, ó sì pa á. Ìtàn parí.

(Mo pè é ní àjẹ́ nítorí kò sí orúkọ mìíràn lédè wa tí ó sún mọ́ ọn. Àjẹ́ tiwa a máa fi ara pamọ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Àjẹ́ inú ìtàn yìí ní ilé tirẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí i.)

Àwa náà mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àjàntálá ni. Nínú ìtàn tí a sọ fún mi ní kékeré, ọjọ́ tí a bí Àjàntálá ni ó la ẹnu tí ó fọhùn, tí ó dìde nílẹ̀, tí ó jẹ oúnjẹ tí a sè fún àlejò tán, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn tí ó wá bá ìyá rẹ̀ yọ̀. D. O. Fágúnwà pẹ̀lú kọ ìtàn rẹ̀. Amos Tutùọlá, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1952, The Palm-Wine Drinkard, sọ̀rọ̀ ọmọ kan tí ó jáde láti inú àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ tí ó wú, nígbà tí ẹ̀gún ọ̀pẹ kàn án. Ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi di ìyọnu fún gbogbo ìlú, títí tí baba rẹ̀ fi sun ilé mọ́ ọn lórí. Ẹ rí i pé lójú tiwa, ọmọ tí ó bá gbọ́n kí ó tó mu ọmú, èèmọ̀ ni. A kì í dúró gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ààrin ìtàn tiwa àti ti àwọn ará ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀: ní tiwa, ọmọ àrà ni ìlú ń lé, ní tiwọn, ọmọ àrà ni ó pa àjẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kú tàbí kí ó sá lọ kí ìlú tó lè sùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sí sinimá náà. Oṣù Kejìlá 1998 ni a kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Kirikou ni orúkọ ọmọ náà, Karaba ni orúkọ àjẹ́. Kì í ṣe ènìyàn ni ó ń ṣeré níwájú ẹ̀rọ; yíyà ni a ya gbogbo rẹ̀, àwòrán lẹ́yìn àwòrán, tí a fi ń tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn kánkán tí ojú wa fi ń rò pé wọ́n ń rìn. Youssou N'Dour, olórin ilẹ̀ Senegal, ni ó ṣe orin rẹ̀. Àwọn ará Senegal, àgbà àti ọmọdé, ni a sì gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1999 ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ fún sinimá gígùn ní àjọ̀dún sinimá àwòrán ní Annecy. Àwọn oníṣòwò kan ní òkè òkun ní kí Ocelot fi aṣọ bo àyà àwọn obìnrin inú rẹ̀ kí àwọn tó lè rà á. Ó kọ̀ fún wọn. Mo yìn ín fún èyí, nítorí pé bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ti ń rìn nínú ilé àti ní odò kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ó mú ìbí ọmọ náà láti inú ìtàn àtijọ́, kò fi ọwọ́ kàn án. Kirikou bí ara rẹ̀, ó gé ìwọ́ ara rẹ̀, ó sì wẹ ara rẹ̀. Kò ga dé orúnkún ìyá rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè ni baba rẹ̀. A sọ fún un pé baba rẹ̀ lọ bá Karaba jà, Karaba sì jẹ ẹ́. Àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ lọ, ó jẹ wọ́n pẹ̀lú. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù, òun náà sì ti mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Omi ìsun abúlé ti gbẹ. Karaba ni wọ́n sọ pé ó gbẹ ẹ́. Àwọn ère onígi tí ń rìn bí ènìyàn a máa wá láti ilé rẹ̀ wá gba wúrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Gbogbo ìlú ni ó ń bẹ̀rù, gbogbo wọn ni ó sì ní ìdáhùn kan náà: àjẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ibí yìí ni Ocelot ti yà kúrò lójú ọ̀nà ìtàn àtijọ́. Ó fi ìbéèrè kan sí ọmọ náà lẹ́nu tí kò sí nínú ìtàn náà rí: kí ni ó mú kí Karaba burú? Ó bi ẹni yìí, ó bi ẹni tọ̀hún. Wọ́n ní kí ó dákẹ́. Wọ́n ní ọmọdé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti bi àgbà ní ìbéèrè rí nínú agboolé, ẹ mọ ìdáhùn yẹn. Nígbà tí kò rí ẹni tí yóò dá a lóhùn, ó gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ilé Karaba, ó sì lọ sí òkè ńlá tí baba ìyá rẹ̀, ọlọ́gbọ́n àgbà, ń gbé, nítorí pé ilé Karaba ni ó dí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ ará ìlú.

Ohun tí bàbá àgbà náà sọ fún un ni ó yí gbogbo ìtàn padà. Karaba kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ó sọ àwọn ọkùnrin náà di ère onígi tí ń jíṣẹ́ fún un. Karaba kò gbẹ omi. Ẹranko kan ni ó wọ inú ihò ìsun lọ tí ó ń mu ún, Kirikou fúnra rẹ̀ sì ti pa ẹranko náà kí ó tó lọ sí òkè. Èyí ni pé nínú ẹ̀sùn mẹ́ta tí ìlú fi kan obìnrin náà, méjì kì í ṣe òtítọ́. Ìkẹta, èyí tí í ṣe pé ó ń ni ènìyàn lára, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin kan dì í mú pẹ̀lú ipá, àwọn mìíràn sì ki ẹ̀gún olóró bọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gún náà ń dùn ún tọ̀sán tòru. Ẹ̀gún náà ni ó sì fún un ní agbára. Kò fẹ́ kí a yọ ọ́, nítorí yíyọ rẹ̀ yóò dùn ún bí kíkì rẹ̀ ti dùn ún. Àwọn àgbà wa wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú sinimá yìí, lẹ́yìn ni ohun náà wà ní tòótọ́.

Kirikou béèrè oògùn ìṣọ́ra lọ́wọ́ bàbá àgbà náà, kò sì fún un. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn wa, ọdẹ kì í wọ igbó láìní oògùn nínú àpò. Ọmọ yìí lọ lọ́wọ́ òfo. Ó kó ohun ọ̀ṣọ́ wúrà Karaba, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi. Nígbà tí Karaba tẹ̀ ba láti hú wọn, ó já bọ́ láti orí igi sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ. Igbe tí obìnrin náà ké kì í ṣe igbe ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú yín sọ pé àṣà àwọn onísinimá ni èyí, pé wọn a máa fi oyin pa ìtàn àtijọ́ kí àwọn ọmọdé má baà sunkún. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ìtàn Hans Christian Andersen ṣe, ọkùnrin ilẹ̀ Denmark tí ó kọ ìtàn ọmọbìnrin inú òkun ní 1837. Nínú ìwé náà, ọmọbìnrin tí ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ ẹja fi ahọ́n rẹ̀ san owó ẹsẹ̀ ènìyàn. A gé ahọ́n náà ni. Gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ sì dà bí ìgbà tí a ń tẹ ojú ọ̀bẹ. Ọmọ ọba tí ó tìtorí rẹ̀ jìyà fẹ́ ẹlòmíràn. A fún un ní ọ̀bẹ pé kí ó pa á kí òun lè yè, ó kọ̀, ó ju ọ̀bẹ nù, ó sì bọ́ sínú òkun, ó di ìfófó, kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀mí inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney fi í ṣe sinimá ní 1989, ahọ́n kò kúrò lẹ́nu, ẹsẹ̀ kò dun ẹnikẹ́ni, ọmọ ọba sì gbé e níyàwó. Orin rẹ̀ dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìrora tí ó jẹ́ egungun ìtàn náà ti kúrò, ohun tí ó kù kò lè dá dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí Ocelot ṣe, ẹ óò rí i pé òdìkejì rẹ̀ ni. Nínú ìtàn àtijọ́, kò sí ohun tí ó ń dun àjẹ́ náà. Ibi ni, a sì pa á, bí a ti ń pa paramọ́lẹ̀. Ocelot ni ó fi ìrora sí i lára. Kò mú ìyà kúrò nínú ìtàn. Ó fi ìyà kún un ni, ní ibi tí a kò tí ì wò rí, lẹ́yìn ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Ìparí rẹ̀ rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń wò ó. Ó rọrùn láti yọ̀ nígbà tí àjẹ́ kú. Láti mọ ohun tí a óò ṣe nígbà tí àjẹ́ bá yíjú sí wa tí a sì rí i pé ènìyàn ni, èyí le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní àkókò òjò, mo wà ní ilé àwọn ìbátan mi kan ní Pápá Àjàó, ní Múṣin, kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀ níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Òjò ti lé àwọn ọmọ agboolé wọlé, wọ́n tó mẹ́wàá, ariwo wọn sì pọ̀. Mo fi sinimá yìí hàn wọ́n lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí Kirikou bí ara rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Àjàntálá!" bí mo ti rò pé wọn yóò ṣe gan-an. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí ère onígi wá gba wúrà. Nígbà tí Kirikou ń gun òkè lọ bá bàbá àgbà, kí ó tó débẹ̀, wọ́n mú iná lọ. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Mo bá ní kí àwọn fúnra wọn parí ìtàn náà kí a tó ríná.

Wọ́n parí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó parí rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì pa Karaba. Ẹnìkan ní kí a ta ata sí i lójú kí a tó fi ọ̀kọ̀ gún un. Ẹnìkan ní kí pásítọ̀ wá. Ọmọkùnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, tí ó ti jókòó jẹ́ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, sọ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, kí wọ́n da epo bẹntiróòlù sí i, kí wọ́n sì ṣá iná sí i. Àwọn ìyókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu àyàfi èmi.

Kò sí ìtàn kankan tí ó ti kọ́ èyí. Kò sí táyà nínú ààlọ́. Ìgboro ni ó ti kọ́ ọ, ní ojú ọ̀nà ilé-ìwé tàbí nínú tẹlifóònù ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin inú ìtàn àtijọ́ ni, òun ni ó kàn wọ aṣọ tuntun: ẹni tí a bá ti pè ní ìkà, kò ní ìdí, kò ní ìtàn, kò ní ẹ̀yìn tí ẹ̀gún lè wà, pípa ni à ń pa á.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2012, ní Aluu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn èrò lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n sì dáná sun wọ́n láàyè, nítorí pé a pariwo olè lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ń wò wọ́n. Àwọn kan ń fi tẹlifóònù ya àwòrán. Ní 2017 ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ́ ọlọ́pàá. Ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí àwọn òbí àti àwọn oníwàásù ń pè ní àjẹ́, tí wọ́n ń nà, tí wọ́n ń lé jáde nílé, di ohun tí ìjọba ní láti ṣe òfin lé lórí ní 2008. Àwọn ọmọdé ni o! Ọmọ tí ó bá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ọmọ tí ó bá gbọ́n jù, tàbí tí ó ya alágídí. Ẹ rí i pé Àjàntálá kò tí ì kúrò nínú ayé, àti pé a kò tí ì ṣíwọ́ lílé e.

Bí mo bá dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́bi tí mo sì fi ara mi sílẹ̀, n kò ṣe òtítọ́. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mo dúró láàrin èrò ní ọjà kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n ká mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ó jí bátìrì ọkọ̀. N kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n n kò béèrè ohunkóhun, n kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan náà, ariwo nìkan ni mo gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n rí bátìrì náà ní ìsọ̀ kejì, níbi tí ẹni tí ó ni ín gbé e sí fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ òsì kò ríran mọ́. Nígbà tí mo rí Kirikou tí ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà tí ó ń béèrè ìdí, tí wọ́n sì ń lé e, ọjọ́ náà ni mo rántí.

N kò sọ èyí kí ẹ lè kórìíra ìtàn àtijọ́. Àwọn tí ó sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe ìkà ju àwa lọ. Òru tiwọn ṣókùnkùn, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ilé-ìwòsàn. Ó yẹ kí ọmọdé lè sùn pẹ̀lú ìgbọ́kànlé pé ohun tí ń dẹ́rù bà á ti kú. Nínú ìtàn wọn, àjẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rù ni, tí ó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀; a sì lè pa ẹ̀rù láìsí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ewu ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹni tí ó gbọ́ ọ bá jáde sí ìta, tí ó sì fi orúkọ inú ìtàn pe obìnrin arúgbó tí ń dá gbé ní ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ìyàtọ̀ ààrin àjẹ́ tiwa àti tiwọn sọ́kàn. Tiwọn ní ilé tirẹ̀, ó dá yàtọ̀. Tiwa lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹnikẹ́ni ni ọwọ́ lè bà.

Sinimá náà ní àbùkù, n kò sì ní bò ó. Nígbà tí Kirikou ti yọ ẹ̀gún tán, ó ní kí Karaba fẹ́ òun. Karaba ní ó kéré jù. Ọmọ náà ní kí ó fi ẹnu ko òun lẹ́nu. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, Kirikou sì di géńdé ọkùnrin lójú ẹsẹ̀, ó ga, ó sì lẹ́wà. Èyí kò tọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń fi hàn wá pé kíkéré rẹ̀ ni ó wúlò: òun ni ó mú kí ó lè wọ inú ihò omi, òun ni ó mú kí ó lè gba abẹ́ ilẹ̀. Ṣé ó wá di dandan kí ó ga kí a tó lè kà á sí ènìyàn? Ọ̀nà àwọn ààlọ́ òyìnbó, níbi tí ìfẹnukonu ti ń sọ ọ̀pọ̀lọ́ di ọmọ ọba, ni Ocelot gbà níbẹ̀, bí ẹni tí ó ti rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn tí ó sì yà sí ilé tí ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, a gbà pé ilé Karaba ni ó dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ gbogbo òkodoro ọ̀rọ̀, tí ó sì jókòó lórí òkè títí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fi gbẹ́ ilẹ̀ wá bá a, ó yẹ kí ẹnìkan bi í léèrè. Kirikou tí ń bi gbogbo ènìyàn kò bi í.

Àwọn kan a tún máa sọ pé òyìnbó ni ó ṣe é, kí ni ó kàn án nínú ìtàn wa? Èmi kò ka èyí sí ẹ̀sùn tí ó wúwo. Ó kú sọ́wọ́ àwa náà láti ya tiwa. Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali ti jọ ṣe Iwájú, tí ó jáde ní oṣù Kejì 2024, Èkó ọjọ́ iwájú sì ni a yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tuntun ni ìyẹn, kì í ṣe ààlọ́. Ẹni tí yóò mú Àjàntálá, tí yóò sì jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ sọ kí a tó lé e, ó lè wà nínú kíláàsì yín.

Wọ́n mú iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ Pápá Àjàó padà síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbọ́ ohun tí bàbá àgbà sọ, wọ́n sì wò ó dé òpin. Nígbà tí ẹ̀gún yọ, tí òdòdó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tí Karaba wà, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó bá Kirikou dé abúlé, tí àwọn ará ìlú sì fẹ́ pa á nítorí wọn kò gbà gbọ́ pé ó ti yí padà, ọmọkùnrin táyà ni ó kọ́kọ́ pariwo sí wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé wọn kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìró ìlù sọ ní òkèèrè, bàbá àgbà sì dé pẹ̀lú gbogbo àwọn ọkùnrin tí ó ti di ère, tí wọ́n ti padà di ènìyàn.

Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan, tí ó dàgbà ju àwọn ìyókù lọ, tí ó ti gbé àbúrò rẹ̀ sẹ́sẹ̀ láti ọ̀sán, kò dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, àwọn ọkùnrin tí wọ́n dì í mú ńkọ́?" Mo ní àwọn wo. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n ki ẹ̀gún bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ṣé wọ́n wà nínú àwọn tí ó ń lu ìlù bọ̀ yìí ni?"

N kò mọ ohun tí n óò sọ. Ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà sí ibi ọ̀rọ̀ bàbá àgbà, a tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, èmi àti òun nìkan, nítorí àwọn ìyókù ti sáré jáde lọ ṣeré nínú ẹrẹ̀. Kò dárúkọ wọn. A tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta.